Àwo Kékeré, Ọwọ́ Púpọ̀: Ọ̀rọ̀ Àsọyé Lórí Kafitéríà Tapas Nínú Ọgbà Iléeṣẹ́

Ẹ̀yin àgbà tó wà níjòókòó, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ fi iṣẹ́ sílẹ̀ wá síbí, mo kí yín o. Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí oúnjẹ níbi iṣẹ́. Ìtìjú ara mi ni mo fẹ́ fi ṣílẹ̀kùn.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo jẹun ní kafitéríà tapas, ilé oúnjẹ tí wọ́n ti ń bu oúnjẹ Spéìn sínú àwo kékeré, nínú ọgbà iléeṣẹ́ ńlá kan ní Kalifọ́níà ni. Mo ṣe bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣínu lẹ́yìn ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Àwọn àwo tí wọ́n tò sórí káńtà kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Edé mẹ́rin nínú òróró ólífì àti aáyù, àwo kan nìyẹn. Ànàmọ́ òyìnbó tí wọ́n dín, tí wọ́n da ọbẹ̀ tòmátì oníata lé lórí, àwo kejì nìyẹn. Ẹyin dídín tó nípọn bíi tìmùtìmù, tí wọ́n gé ní igun mẹ́ta, ó wà lápá ọ̀tún. Mo wo gbogbo rẹ̀, mo ní kí lèyí máa ṣe fún àgbàlagbà? Mo kó mẹ́sàn-án. Mo tò wọ́n sórí tíréè kan ṣoṣo bí ẹni tó fẹ́ pàtẹ, mo wá àyè lẹ́bàá fèrèsé, mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Kò pẹ́ tí ọmọ wa tó gbà mí lálejò níbẹ̀ fi dé, òun àti àwọn mẹ́ta tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Àwo méjì méjì ló wà lọ́wọ́ wọn. Ó wo tíréè mi, ó wo ojú mi, ó ní, “Ẹ ṣé o, sà. Ẹ ti bá gbogbo wa gbé e wá nìyẹn?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Irọ́ ni. Wọ́n jókòó, wọ́n ti àwo tiwọn sí àárín tábìlì, wọ́n sì na fọ́ọ̀kì sí tèmi. Kó tó tó ìṣẹ́jú márùn-ún, mi ò mọ èyí tó jẹ́ tèmi mọ́.

Irọ́ yẹn ni mo ti ń rò láti ọjọ́ náà. Ohun tí mo bá débí lónìí kò ju ọ̀kan lọ: àwo kékeré, ọwọ́ ẹlòmíràn ló ń pè. Iléeṣẹ́ tó bá gbé àwo náà wọ ọgbà rẹ̀, tí kò gbọ́ ìpè yẹn, àwo lásán ló rà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ibi tí àwo náà ti wá. Ọ̀rọ̀ àwọn ará Spéìn ni tapas, ìdérí sì ni tapa. Ìtàn tí wọ́n fẹ́ràn láti máa sọ ni pé ègé búrẹ́dì tàbí ẹran ni wọ́n fi ń dé ẹnu ife wáìnì kí eṣinṣin àti eruku má bàa kó sí i. Àwọn kan á ní Ọba Alfonso Kẹwàá ló dá a sílẹ̀. Àwọn mìíràn á ní rárá o, Alfonso Kẹtàlá ni, lọ́jọ́ tó dé Cádiz tí atẹ́gùn ń gbé iyanrìn. Àárín ọba méjèèjì lé ní 600 ọdún. Ìtàn tó bá lè fo irú àlàfo bẹ́ẹ̀ láìfarapa, ká rẹ́rìn-ín sí i, ká máa lọ.

Ohun tó dájú ju ìtàn ọba lọ ni aago tí wọ́n fi ń jẹun níbẹ̀. Oúnjẹ ọ̀sán wọn lè di aago méjì tàbí mẹ́ta, ti alẹ́ lè di aago mẹ́sàn-án tàbí mẹ́wàá. Àárín méjèèjì jìn, ikùn kì í sì í gbọ́ àlàyé. Èèyàn á bá bọ́ síta, òun àti ọ̀rẹ́ méjì mẹ́ta, wọ́n á dúró nídìí káńtà ilé ọtí kan, wọ́n á mu ife kékeré, wọ́n á fi nǹkan díẹ̀ panu, wọ́n á tún sún sí ilé kejì. Rírìn yẹn pàápàá ní orúkọ, tapeo ni wọ́n ń pè é. Ní Granada, bí o bá ti ra ọtí, àwo kékeré kan á tẹ̀ lé e lọ́fẹ̀ẹ́ títí dòní. Bó bá wá jẹ́ èyí tó tó gbé sí àárín fún èèyàn mẹ́ta mẹ́rin ni ẹ fẹ́, ración lẹ máa ní kí wọ́n gbé wá, ìdajì rẹ̀ ni media ración. Nílẹ̀ Basque lápá àríwá, pàápàá ní ìlú San Sebastián, orúkọ ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń pe tiwọn: pintxo, ègé búrẹ́dì tí wọ́n fi igi ìtayín gún pọ̀ mọ́ oúnjẹ orí rẹ̀. Ní àwọn ilé ọtí kan níbẹ̀, igi yẹn ni wọ́n ń kà nígbà tí o bá fẹ́ sanwó. Ìwọ lo fọwọ́ ara rẹ mú un, ìwọ lo jẹ ẹ́, igi inú àwo rẹ ló ń jẹ́rìí. Ẹ bá mi fi igi yẹn sọ́kàn, mo ń padà bọ̀ sórí rẹ̀.

Kafitéríà náà, èdè Spéìn ló ti ṣẹ̀, àmọ́ ilé kọfí ni nílé rẹ̀. Amẹ́ríkà ló sọ ọ́ di ibi tí èèyàn ti ń gbé tíréè, tó ń tò, tó ń fọwọ́ ara rẹ̀ ṣa oúnjẹ. Níbi àfihàn àgbáyé ìlú Chicago lọ́dún 1893, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ John Kruger ṣí irú ilé oúnjẹ bẹ́ẹ̀, orúkọ náà sì ràn. Ẹ wá wò ó: ọ̀rọ̀ méjì láti inú èdè kan náà, ọ̀kan ń sọ pé gbé e sí àárín, èkejì ń sọ pé kí kálukú gbé tirẹ̀. Iléeṣẹ́ wá so wọ́n pọ̀ lábẹ́ òrùlé kan, ó ní kí wọ́n máa bára wọn gbé. Nígbà tí mo kó àwo mẹ́sàn-án sórí tíréè kan, àṣà kafitéríà ni mo fi jẹ oúnjẹ tapas. Àwọn ọmọ tó bá mi jókòó ló tún un ṣe.

Kí ló tiẹ̀ kan iléeṣẹ́ nínú ikùn òṣìṣẹ́? Bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Àwọn tó ni iṣẹ́ ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, lọ́dún 1940, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣòfin tó fi lè pàṣẹ pé kí àwọn iléeṣẹ́ ohun ìjà tí òṣìṣẹ́ wọn ju 250 lọ ní ilé oúnjẹ. Ebi kì í jẹ́ kí ọwọ́ dúró lórí ẹ̀rọ. Ti àwọn oníkọ̀ǹpútà yàtọ̀ díẹ̀ ní tiwọn. Lóṣù November 1999, nígbà tí òṣìṣẹ́ Google kò tíì ju nǹkan bí 40 lọ, wọ́n gba alásè kan tó ń jẹ́ Charlie Ayers. Ó wà níbẹ̀ títí di 2005, nígbà tí iléeṣẹ́ náà ti di òmìrán, wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ sọ ọ̀kan nínú àwọn kafitéríà ọgbà wọn ní Mountain View. Wọ́n tún gbajúmọ̀ fún ọ̀rọ̀ kan pé kò yẹ kí òṣìṣẹ́ kankan jìnnà sí oúnjẹ ju ẹsẹ̀ bàtà 150 lọ.

Àwọn kan ń pe èyí ní ọ̀làwọ́. Mi ò bá wọn jiyàn, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣírò. Bí èèyàn bá wakọ̀ jáde lọ jẹun, tó wá ibi ìgbọ́kọ̀sí, tó tò, tó jẹun, tó padà, wákàtí kan ti lọ. Bó bá jẹun nínú ọgbà, ó lè padà sídìí tábìlì láàárín ìdajì wákàtí, ó sì lè jẹ́ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ló ń bá ẹni tí wọ́n jọ jókòó sọ. Òfin owó orí Amẹ́ríkà náà mọ ìyẹn. Oúnjẹ tí agbanisíṣẹ́ bá fún òṣìṣẹ́ nínú ọgbà iṣẹ́, nítorí ìrọ̀rùn agbanisíṣẹ́ fúnra rẹ̀, kì í wọ inú owó orí òṣìṣẹ́ náà. Ẹ gbọ́ o, ìrọ̀rùn agbanisíṣẹ́ lòfin wí. Tẹ́lẹ̀, iléeṣẹ́ lè yọ gbogbo ìnáwó bẹ́ẹ̀ kúrò nínú èrè tí wọ́n máa san owó orí lé. Òfin tí wọ́n ṣe ní December 2017 dín in kù sí ìdajì láti 2018, ó sì fi 2026 ṣe ìgbà tí ìdajì náà máa dópin fún ọ̀pọ̀ jù lọ wọn. Ṣé ẹ rí i, edé mẹ́rin inú òróró yẹn, ó ní ìtàn lọ́dọ̀ àwọn akàwé owó.

Àwọn tó ni ilé oúnjẹ lẹ́yìn ọgbà náà kò dákẹ́. Òṣìṣẹ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọ àdúgbò, kò sí ẹni tó jáde lọ́sàn-án. Lọ́dún 2014, ìlú Mountain View fi àdéhùn kan mọ́ ilé iṣẹ́ tuntun tí wọ́n fẹ́ kọ́ sí San Antonio Center: iléeṣẹ́ tó bá kó síbẹ̀ kò gbọdọ̀ máa gbé ju ìdajì owó oúnjẹ àwọn òṣìṣẹ́ lọ. Facebook ló wá gba ibẹ̀ nígbẹ̀yìn. Ní July 2018, àwọn aṣòfin méjì ní San Francisco fẹ́ kí wọ́n má jẹ́ kí iléeṣẹ́ kankan tún kọ́ kafitéríà tuntun sínú ọgbà rẹ̀ mọ́. Àbá náà kò di òfin. Lójú tèmi, wọ́n ní ẹ̀dùn ọkàn tó tọ́, oògùn tí wọ́n fẹ́ lò ni kò bá àrùn náà mu. Ẹni tí o fipá lé jáde lọ jẹun lè kàn gbé búrẹ́dì látilé.

Ó yá, ká wá sórí ikùn, nítorí ibẹ̀ ni ìrònú èèyàn púpọ̀ ti ń ṣìnà. Wọ́n ní àwo kékeré ń jẹ́ kí èèyàn jẹun níwọ̀n. Ṣé lóòótọ́ ni?

Apá kan òótọ́ ni. Barbara Rolls, tó ti fi ọdún púpọ̀ ṣèwádìí lórí ohun tó ń mú èèyàn jẹun, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé mákàróní oníwàràkàṣì fún àwọn kan, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 2002. Nígbà tí wọ́n bu èyí tó pọ̀ jù, àwọn tó jẹ ẹ́ fi nǹkan bí 30 nínú ọgọ́rùn-ún jẹ ju ìgbà tí wọ́n bu èyí tó kéré jù lọ. Ohun tí a bá bù fúnni ni ojú ń gbà pé ó tọ́ síni. Bí edé bá jẹ́ mẹ́rin, mẹ́rin ni ojú máa kà.

Obìnrin yìí kan náà ló wá bá wa dé ìhà kejì. Ní 1981, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé búrẹ́dì tí wọ́n ki nǹkan sáàárín síwájú àwọn èèyàn. Nígbà kan, irú kan ṣoṣo ni; nígbà mìíràn, oríṣi mẹ́rin ni. Nígbà tó jẹ́ oríṣi mẹ́rin, wọ́n fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta jẹ ju ìgbà tó jẹ́ irú kan lọ. Kì í ṣe pé ebi wọn pọ̀ jù. Adùn kan máa ń sú ẹnu kí ikùn tó kún, àmọ́ bí adùn tuntun bá ti dé, ẹnu á tún jí. Ẹ rántí bó ṣe máa ń rí nígbà tí ẹ bá ti yó dé ọ̀fun, tí ẹ ní omi pàápàá kò lè wọlé mọ́, tí ẹnì kan wá gbé nǹkan dídùn kalẹ̀. Àyè yóò yọ láti ibi tí ẹ kò mọ̀.

Ẹ wá fi ìyẹn wo káńtà tapas. Iyọ̀ inú ólífì, ata inú ọbẹ̀ tòmátì, ọ̀rá inú itan ẹlẹ́dẹ̀ gbígbẹ, ìkan kíkan inú ẹja tí wọ́n fi ọtí kíkan sè láìfi iná kàn án. Oríṣi mẹ́rin kọ́ mọ́, ó lè tó méjìlá. Àwo kan ò tó nǹkan, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n gbogbo àwo tuntun tó bá dé ń jí ẹnu tí èyí tó ṣáájú ti mú sùn. Bí èèyàn bá dá a jẹ, ọ̀nà ọ̀fun á di ọ̀nà ọ̀run. Àwo mẹ́sàn-án mi yẹn, n bá jẹ gbogbo rẹ̀ tán, n bá sì dìde lọ wá ìkẹwàá. Ohun tó gbà mí ni fọ́ọ̀kì mẹ́rin tó ti ẹ̀gbẹ́ wọlé. Àwo mẹ́tàdínlógún fún èèyàn márùn-ún, àwo mẹ́ta àti díẹ̀ ló kan ẹnì kan, adùn oríṣiríṣi sì kan ahọ́n gbogbo wa.

Ìwádìí mìíràn wà tó sọ pé bí àwo fúnra rẹ̀ bá ti kéré, ojú á tàn jẹ, oúnjẹ á dà bíi pé ó pọ̀. Ẹ ṣọ́ra fún ìyẹn. Ọ̀pọ̀ nínú ohun tó gbé e kiri wá láti ọwọ́ ọ̀jọ̀gbọ́n kan tí àwọn ìwé ìròyìn ìmọ̀ fa àpilẹ̀kọ rẹ̀ tó lé ní mẹ́wàá yọ, tó sì kúrò níbi iṣẹ́ rẹ̀ nígbẹ̀yìn. Àwo kékeré lè ṣe ọ̀pọ̀ nǹkan fúnni, mi ò ní gbé e ru iṣẹ́ tí kò lè ṣe.

Google pàápàá dán irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wò. Ní ọ́fíìsì wọn ní New York, níbi tí nǹkan bí 2,000 èèyàn ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n kó súìtì M&M sínú ìkòkò tí ojú kò lè rí inú rẹ̀, wọ́n kó èso àti ẹ̀pà sínú dígí níta gbangba. Láàárín ọ̀sẹ̀ méje, kálórì tí wọ́n jẹ látinú M&M fi mílíọ̀nù 3.1 dín kù. Gbogbo ayé pariwo. Èmi mú bírò, mo pín in. Fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lójúmọ́, kò ju 32 kálórì lọ, hóró súìtì mélòó kan péré. Ohun tí ojú kò bá rí kò ní wọ ẹnu, mo gbà, ṣùgbọ́n ẹ máa mú bírò dání tí wọ́n bá ń ka mílíọ̀nù fún yín. Bákan náà ni wọ́n tún rí i pé bí ìpápánu bá wà ní ẹsẹ̀ bàtà 6.5 sí ibi tí èèyàn ti ń gba kọfí, ọwọ́ á yà síbẹ̀ ju bó ṣe máa yà lọ nígbà tó bá wà ní 17.5.

Níbí ni mo ti padà sórí igi ìtayín. Ní San Sebastián, igi náà dúró síwájú rẹ, o ń rí i pé ó ti di méje. Ní kafitéríà ọ̀fẹ́, kò sẹ́ni tó ń kà á, bẹ́ẹ̀ sì ni àwo tí o jẹ tán kò ní pẹ́ kúrò níwájú rẹ, nítorí òṣìṣẹ́ kan ń lọ ó ń bọ̀ láti palẹ̀ wọn mọ́. Ẹ̀rí ń parẹ́ bó ṣe ń ṣẹ̀. Kò sí owó tó máa rán ọ létí, kò sí igi. Ìyàtọ̀ kan nìyí láàárín ọgbà àti ọgbà: ní Apple, òṣìṣẹ́ ń sanwó oúnjẹ rẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé iléeṣẹ́ ti gbé nínú owó náà. Ibi tí wọ́n bá ti ń gba owó lórí àwo, àwo fúnra rẹ̀ á di igi ìtayín.

Ẹ jẹ́ ká wọ ilé ìdáná fún ìṣẹ́jú kan, nítorí àwọn tó wà níbẹ̀ ló mọ̀ bóyá tapas yìí á ṣeé ṣe tàbí kò ní ṣeé ṣe. Alásè tó bá fẹ́ bọ́ ẹgbẹ̀rún èèyàn láàárín wákàtí méjì mọ̀ pé oúnjẹ pín sí méjì: èyí tó lè dúró de èèyàn àti èyí tí èèyàn gbọ́dọ̀ dúró dè. Ólífì lè dúró. Ẹyin dídín Spéìn tí wọ́n fi ànàmọ́ sí, tí wọ́n ń pè ní tortilla, lè dúró, àní ó tiẹ̀ dùn nígbà tó bá ti tutù díẹ̀. Croqueta, ìyẹ̀fun àti wàrà tí wọ́n sè, tí wọ́n ká, tí wọ́n yí nínú èérún búrẹ́dì kí wọ́n tó dín in, kì í dúró. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ lábẹ́ iná amóúnjẹgbóná, èèpo rẹ̀ tó yẹ kó máa dún lẹ́nu á rọ̀ pẹ̀tẹ̀. Ànàmọ́ dídín náà kì í dúró, pàápàá tí wọ́n bá ti da ọbẹ̀ lé e. Edé burú jù: bí o bá gbé e kúrò lórí iná nínú ìkòkò amọ̀ gbígbóná, á ṣì máa jinná lọ fúnra rẹ̀, títí tí á fi le bíi rọ́bà.

Ìlànà Amẹ́ríkà sì wà níbẹ̀ tó ní kí oúnjẹ gbígbóná má lọ sílẹ̀ ju 57 lórí òṣùwọ̀n Celsius lọ, kí oúnjẹ tútù má gòkè ju 5 lọ. Èyí tó bá wà láàárín méjèèjì, aago ni wọ́n ń ṣọ́, bó bá pé wákàtí mẹ́rin, ààtàn ni. Ọgbọ́n tó wà nínú àwo kékeré nìyẹn: wọ́n lè dín ogún, kí wọ́n gbé e jáde, kí wọ́n wo bó ṣe ń lọ, kí wọ́n tó dín ogún mìíràn. Wọn kì í da agbada ńlá kan síta láti aago mọ́kànlá. Bí mo bá wọ irú ibẹ̀, mi ò kì í lọ sídìí ohun tó pọ̀ lórí káńtà. Ibi tí àwo ti kù méjì péré, tí alásè ń gbé tuntun bọ̀, ibẹ̀ ni mo ń dúró sí.

Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ta ló ń fọ àwo? Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí kafitéríà, ìbéèrè yìí kì í sábà wáyé. Bí 800 èèyàn bá jẹun ọ̀sán nínú àwo ńlá kọ̀ọ̀kan, àwo 800 nìyẹn. Bí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá lo márùn-ún, ó di 4,000, a ò tíì ka ife àti fọ́ọ̀kì. Gbogbo adùn tó jí ẹnu mi, ẹnì kan ń fi omi gbígbóná san án lẹ́yìn ògiri. Ẹni náà, lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ tó ni ọgbà, kọngíláàkítọ̀ ló gbà á. Ní July 2017, nǹkan bí 500 òṣìṣẹ́ kafitéríà ní ọgbà Facebook ní Menlo Park wọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ Unite Here. Kọngíláàkítọ̀ tó ń jẹ́ Flagship ló ń sanwó fún wọn, ẹ̀dùn wọn sì ni pé owó náà kò ká iye tí ilé gbígbé àti ìwòsàn ń gbà ní agbègbè tí àwọn ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà ti sọ di ilẹ̀ olówó. Èèyàn ń dín croqueta lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹni tí owó ilé rẹ̀ kò ṣòro san, òun fúnra rẹ̀ ń wá ilé. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ èyí, mo máa ń to àwo tí mo bá jẹ tán lé ara wọn, kéékèèké sórí ńlá. Kò dín iṣẹ́ ẹnikẹ́ni kù púpọ̀. Mo kàn ń ṣe é ni.

Ẹnì kan lè sọ pé: ìwọ tó ń yin ọwọ́ púpọ̀ nínú àwo kan, ṣé o rántí 2020? Mo rántí. Kafitéríà tìlẹ̀kùn ní March ọdún náà, nígbà tí wọ́n sì ń ṣí i padà díẹ̀díẹ̀, inú páálí ni oúnjẹ wà, kálukú pẹ̀lú tirẹ̀, ideri lé e, bíi pé tapa padà sí ìtumọ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́. Ewu mìíràn tún wà tí kò bá àjàkálẹ̀ àrùn lọ. Edé wà lára ohun tí ara àwọn kan kò gbà rárá, tó lè pa wọ́n. Ẹyin wà níbẹ̀, wàrà wà níbẹ̀, wíìtì, ẹ̀pà, yànmọ̀tí tí àwọn òyìnbó ń pè ní sẹ́sámì, èyí tí Amẹ́ríkà fi kún àwọn ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ kọ sára oúnjẹ láti 2023, tó sọ gbogbo wọn di mẹ́sàn-án. Fọ́ọ̀kì tó bọ́ sínú edé, tó tún bọ́ sínú ólífì, ti sọ ólífì di edé fún ẹni bẹ́ẹ̀. Ṣíbí ìbunjẹ kan nínú àwo kọ̀ọ̀kan ni àbọ̀ ọ̀rọ̀, kí ẹni tó bá ń jókòó sì bèèrè kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀: ṣé ohun kan wà tí ara yín kò gbà? Ìbéèrè yẹn nìkan, mo ti rí i tó sọ àwọn tí kò mọra di ẹni tó ń bára wọn sọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ tábìlì ló kù, mo sì fẹ́ kí ẹ̀yin tó ń yàwòrán ilé gbọ́ ọ dáadáa. Nígbà tí wọ́n kọ́ ilé Pixar, iléeṣẹ́ tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣe fíìmù àwòrán, ní Emeryville, tí wọ́n ṣí i ní 2000, Steve Jobs tó jẹ́ ọ̀gá wọn fẹ́ kí kafitéríà àti àpótí lẹ́tà wà ní gbọ̀ngàn àárín, kí àwọn tó ń yàwòrán àti àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà lè máa kọlu ara wọn. Ó dára. Ṣùgbọ́n pé èèyàn kọlu ara wọn kò ní kí wọ́n jọ jẹun. Tábìlì gígùn tí èèyàn ogún ń jókòó sí, mo ti rí i ní ọgbà púpọ̀, àjèjì lè jókòó ti àjèjì níbẹ̀, òótọ́ ni, àmọ́ kò ní àárín. Àwo tí o bá gbé sílẹ̀ níbẹ̀, iwájú rẹ náà ló wà. Tábìlì ẹni méjì kò gba àwo mẹ́fà pẹ̀lú ife. Èyí tó bá tapas mu ni tábìlì ẹni mẹ́rin sí mẹ́fà, tí ọwọ́ ẹni tó kúrú jù lè dé àárín láìdìde. Kí wọ́n sì mú tíréè kúrò. Kafitéríà tapas tó bá ní tíréè ńlá lẹ́nu ọ̀nà ti ń sọ fún àlejò pé kó dá kó o. Ọwọ́ méjì ni Ọlọ́run dá mọ́ni, àwo méjì ló lè gbé. Bí mẹ́rin yín bá jọ wá, àwo mẹ́jọ ti dé àárín tábìlì, kò sì sí ẹni tó máa purọ́.

Ẹ jẹ́ kí n parí ìtàn tèmi, nítorí mi ò tíì sọ ibi tó parí sí. A jẹun títí, àwo ń ṣófo lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọmọ náà ń sọ̀rọ̀ iṣẹ́ kan tí méjì nínú wọn ti ń kọ lẹ́tà orí kọ̀ǹpútà síra wọn lé lórí fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, ilé méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n wà nínú ọgbà náà. Wọ́n yanjú rẹ̀ kí ólífì tó tán. Nígbẹ̀yìn, ó ku edé kan. Ó dúró nínú òróró rẹ̀, aáyù yí i ká, gbogbo wa ń wò ó, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Àwọn ará Spéìn ní orúkọ fún irú òkèlè ìkẹyìn bẹ́ẹ̀ nínú àwo àjọjẹ. Ti ìtìjú, wọ́n ń pè é.

Ọmọ wa fi ìka kan ti àwo náà sún mọ́ mi, ó ń rẹ́rìn-ín sábẹ́ ẹnu.

“Ẹ jẹ ẹ́, sà,” ló wí. “Ẹ̀yin náà lẹ kó mẹ́sàn-án wá.”

Mo jẹ ẹ́.